Ṣé a lè fi ìwọ̀n ara ṣírò oògùn àgùntàn fún ènìyàn?

Olùsìn Àgùntàn, Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa oògùn bá wa dá sí, nítorí pé ó ti di àríyànjiyàn láàárín èmi àti àbúrò mi tí a jọ ń sin àgùntàn. Ara ti ń yún un láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá ní òru, ó sì ti họ àárín ìka ọwọ́ rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ títí ó fi di egbò. Ìgò ivermectin, oògùn tó ń pa aràn àti kòkòrò ara, tí a fi ń gún àwọn àgùntàn wa wà nílé. Ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò náà ni pé kí a lo mílílítà kan fún ẹran tó bá wọn 50 kílò. Àbúrò mi gun òṣùwọ̀n, ó wọn 70 kílò, ó sì ní mílílítà 1.4 ni ó tọ́ sí òun, pé òun yóò fi sírínjì fà á, òun yóò sì pò ó mọ́ omi mu. Ó ní oògùn kan náà ni wọ́n ń pín fún àwọn ènìyàn ní abúlé lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe sùúrù títí n ó fi béèrè lọ́wọ́ yín. Ṣé ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà? Bí kò bá sì tọ̀nà, níbo gan-an ni ó ti kùnà? Mo fẹ́ àlàyé tí mo lè kà sí i létí, nítorí kì í ṣe ẹni tí a óò kàn sọ fún pé kí ó má ṣe nǹkan tí yóò sì gbọ́ láìbéèrè ìdí.

Apòògùn, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun tí ẹ dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ti rí i gbà, nítorí pé bí a bá pe gbogbo ohun tó sọ ní irọ́, kò ní fetí sí ìyókù.

Òótọ́ ni pé oògùn kan náà ni. Orí ivermectin ni Satoshi Ōmura, ará Japan, àti William Campbell ti gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Inú erùpẹ̀ kan ní Japan ni wọ́n ti rí ohun alààyè tíntín tí wọ́n yọ ọ́ jáde lára rẹ̀. Ẹranko ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún, láti ọdún 1981, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ènìyàn ní ọdún 1987, tí ilé iṣẹ́ Merck sì ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi í tọrẹ fún gbogbo ibi tí àrùn ojú fífọ́ ti etí odò bá wà, títí tí kò fi ní sí ẹni tó nílò rẹ̀ mọ́. Bákan náà, ìwọ̀n tí a ń lò fún kúrúnà lára ènìyàn jẹ́ 200 máíkírógíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, èyí sì bá ohun tí wọ́n kọ fún màlúù àti àgùntàn mu. Ìgò tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1% ní mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan. Mílílítà 1.4 yóò jẹ́ mílígíráàmù 14, bí a bá sì ṣe 200 máíkírógíráàmù lọ́nà 70, ibẹ̀ náà ni a óò bọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ìṣirò ni olùkọ́ fún un, ó gbà á.

Ibi tí ó ti kùnà ni pé ivermectin nìkan ni ó ṣírò, kò sì ṣírò àwọn ohun yòókù tó wà nínú ìgò. Ivermectin kì í yòrò nínú omi lásán. Èyí tí wọ́n ṣe fún abẹ́rẹ́ ẹranko, glycerol formal àti propylene glycol ni wọ́n sábà máa ń fi pò ó, kí ó lè máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ awọ ẹran. Wọn kò ṣe é fún ikùn ènìyàn, kò sì sí ẹnikẹ́ni lára àwọn tó fọwọ́ sí i tí ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ohun tí ènìyàn yóò gbé mu. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ọdún 2008, nígbà tí oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe oògùn inú rẹ̀ gan-an ni ó pa àwọn ọmọ náà. Ohun tí wọ́n fi pò ó ni: wọ́n ra propylene glycol tí májèlé diethylene glycol ti wọ̀. N kò sọ pé irú rẹ̀ wà nínú ìgò yín o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí a fi po oògùn jẹ́ apá kan oògùn náà, òṣùwọ̀n tí àbúrò yín gùn kò sì lè sọ ohunkóhun fún un nípa rẹ̀.

Èkejì, tí mo kà sí èyí tó léwu jù, ni pé àwọn ìgò náà kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí a ń dà sí ẹ̀yìn màlúù wà, agbára rẹ̀ jẹ́ 0.5%. Ti abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jẹ́ 1%. Èyí tí wọ́n ṣe kí ó lè pẹ́ lára màlúù jẹ́ 3.15%, ẹ sì wo ohun tó wà lára rẹ̀: mílílítà kan fún 50 kílò ni wọ́n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ti 1%. Ẹni tó ti há gbólóhùn náà sórí, tí ó bá mú ìgò yẹn lọ́la nítorí pé ti àtijọ́ ti tán, yóò ṣe ìṣirò kan náà, yóò fa mílílítà 1.4 kan náà, ohun tí yóò gbé mì yóò sì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Òmíràn tún wà tí wọ́n fi oògùn mìíràn, bíi clorsulon tàbí closantel, kún un. Mo fẹ́ kí àwọn dókítà ẹranko tó wà láàárín wa sọ̀rọ̀ lórí closantel yìí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Houston

Ohun tí apòògùn sọ nípa ìgò tó yàtọ̀ síra yìí ṣẹlẹ̀ lójú wa níbí ní ọdún 2021, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá ivermectin kiri nítorí àrùn COVID. Kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà, ti ẹṣin ni: oògùn kíki nínú ọ̀pá oníke kan tí wọ́n ń tì í jáde sí ẹ̀yìn ahọ́n ẹṣin. Mo ti yẹ ọ̀kan wò dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran. Gíráàmù 6.08 ni ó wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 1.87%, èyí tí ó fi hàn pé bíi mílígíráàmù 113 ni ivermectin inú ọ̀pá kan, oògùn ẹṣin tó wọn 1,250 pọ́ùn, ìyẹn nǹkan bí 567 kílò. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹni tó wọn 60 kílò, nǹkan bíi mílígíráàmù 12 ni yóò kọ. Nítorí náà, oògùn ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ọ̀pá kan ṣoṣo.

Wọ́n fa ìlà sára igi oníke tí a fi ń tì í, ìlà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún 250 pọ́ùn, nǹkan bí 113 kílò. Ìlà tó kéré jù lọ níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó tọ́ sí ẹni 60 kílò. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò fi ìwọ̀n ara òun pín in yóò máa fi ojú díwọ̀n ìdajì ìlà kan lórí igi tín-ín-rín. Òrùka kékeré kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ yí títí yóò fi dé ojú ìlà kí igi náà lè dúró síbẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo oògùn inú ọ̀pá náà lè jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ẹṣin, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, FDA, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n kọ ọ́ sórí Twitter pé ènìyàn kì í ṣe ẹṣin, kì í sì ṣe màlúù. Ẹ̀ka ètò ìlera ìpínlẹ̀ Mississippi sọ ní oṣù kan náà pé nínú àwọn ìpè lórí ivermectin tó ń wọlé sí ibùdó tí wọ́n ti ń gba àwọn tó jẹ májèlé nímọ̀ràn, ó kéré tán, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti àwọn tó lo ti ẹranko. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé oògùn náà kò wo àrùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e mì. Ní Brazil, wọ́n fi ènìyàn 1,358 ṣe ìwádìí tí wọ́n pè ní TOGETHER. Wọ́n fún àwọn kan ní ivermectin ti ènìyàn fún ọjọ́ mẹ́ta, àbájáde rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2022 sì fi hàn pé kò dín iye àwọn tó di èrò ilé ìwòsàn kù.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Apòògùn, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ closantel tí ẹ dá sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Oògùn aràn àgùntàn àti màlúù ni, ó sì dára fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ni ó ń bá jà bí ó bá pọ̀ jù lára. Ní ọdún 1993, ní orílẹ̀-èdè Lithuania, wọ́n fi closantel ránṣẹ́ mọ́ àwọn oògùn tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ, kò sì sí ìwé àlàyé kankan tó bá a wá. Àwọn dókítà ibẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ wé orúkọ oògùn mìíràn, wọ́n sì rò pé oògùn àwọn obìnrin ni. Obìnrin 11 ni wọ́n fún, ojú gbogbo wọn sì fọ́ fún ìgbà kan. Ẹ ṣàkíyèsí pé dókítà ni àwọn tó ṣe àṣìṣe yìí, ilé ìwòsàn sì ni wọ́n ti ṣe é. Àbúrò Olùsìn Àgùntàn tí kò ní ju ìgò àti sírínjì lọ nílé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ìgò tí wọ́n rà ní ọjà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní closantel nínú, bí omi bá ti pa lẹ́tà ara rẹ̀ rẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n ara fúnra rẹ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó nínú iṣẹ́ mi. Bí a bá kọ ọ́ sára oògùn pé báyìí ni kí a lò fún kílò kọ̀ọ̀kan, kílò ẹran tí wọ́n dán an wò lára rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Kílò àgùntàn kì í ṣe kílò ajá, kílò ajá kì í sì í ṣe kílò ènìyàn, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fọ́ oògùn túútúú. Parasẹtámọ́ọ̀lù tí a ń fún ọmọ wa bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹyọ kan péré lè pa ológbò, bí a tilẹ̀ fi ìwọ̀n ara pín in, nítorí pé ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ ènìyàn fi ń tú u ká. Diclofenac tí wọ́n ń gún màlúù fún ìrora ní Íńdíà kò ṣe màlúù ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n igún tó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ ni ó ń bàjẹ́, àwọn igún ilẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán kí ìjọba tó fòfin de lílo rẹ̀ fún ẹranko ní ọdún 2006.

Ivermectin gan-an tí a ń sọ yìí, kódà láàárín ajá sí ajá, kì í ṣe bákan náà. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní P-glycoprotein máa ń dúró bí aṣọ́bodè ní ẹnu ọ̀nà ọpọlọ, òun ni ó ń lé oògùn náà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá Collie ni a bí láìní èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2001 ni wọ́n rí àléébù náà nínú jíìnì wọn. Ìwọ̀n tí kò ṣe ajá mìíràn tó wọn kílò kan náà ní ohunkóhun yóò mú kí Collie máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, yóò máa ta itọ́, ó sì lè má jí mọ́. Òṣùwọ̀n kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn.

Olùpín Oògùn Abúlé, Òkè-Ògùn

Mo wà lára àwọn tí abúlé yàn láti máa pín Mectizan, ìyẹn ivermectin ti ènìyàn, fún àrùn ojú fífọ́ ti etí odò. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí gbólóhùn tí àbúrò yín sọ pé oògùn kan náà ni a ń pín. Bí a ṣe ń pín in ni ó yẹ kí ó gbọ́.

A kì í gbé òṣùwọ̀n kílò dání rárá. Ọ̀pá ni a ń lò. A óò gbé ọ̀pá náà dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹni tó fẹ́ gba oògùn yóò bọ́ bàtà àti fìlà, tàbí kí ó tú gèlè, yóò nàró, yóò sì fi ẹ̀yìn ti ọ̀pá náà, a ó sì wo ibi tí àtàrí rẹ̀ bá dé. Ẹni tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 sí 119 yóò gba hóró kan, ẹni tó bá wà láàárín 120 sí 140 yóò gba méjì, 141 sí 158 yóò gba mẹ́ta, ẹni tó bá sì tó 159 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba mẹ́rin. Mílígíráàmù 3 ni hóró kọ̀ọ̀kan. Lójú wa ni yóò ti gbé e mì pẹ̀lú omi, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó ti wù kí ènìyàn sanra tó, kò ní gbà ju hóró mẹ́rin lọ, mílígíráàmù 12. Ọmọ tí kò bá tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 kò ní gba nǹkan kan. Aboyún kò ní gbà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan kò ní gbà, ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ náà kò ní gbà. Àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ wọn gíga àti ìwọ̀n ara ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n tó fa ìlà sára ọ̀pá náà, wọ́n sì ti mọ bí oògùn náà ṣe fi àyè sílẹ̀ tó láàárín èyí tó ń wo ni sàn àti èyí tó ń pa ni lára. Ìṣirò ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ohun tí kò yẹ kí a ṣírò ni wọ́n ti ṣe é tán kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ wa. Nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún wa, ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí kò yẹ kó gbà ni wọ́n tẹnu mọ́ jù.

Ohun kan tún wà. Ní àwọn ilẹ̀ igbó, pàápàá lápá àárín gbùngbùn Áfíríkà, aràn kan wà tí wọ́n ń pè ní Loa loa, tó máa ń rìn kọjá lójú ènìyàn. Bí ọmọ aràn náà bá ti pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, tí ó sì gba ivermectin, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́, kí ó sì dákú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ra gidigidi kí wọ́n tó pín oògùn náà níbẹ̀. Ìwọ̀n tó tọ́ gan-an ni àwọn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí gbà o, kò sí ẹni tó lò ó jù nínú wọn.

Ìyá Adìẹ, Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin àgbà. Ní oko adìẹ, ti ivermectin kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ti oògùn apakòkòrò (antibiotic) ni. Bí inú bá ń run ọmọ iṣẹ́, tàbí tí ó bá ní àtọ̀sí, yóò bu ìyẹ̀fun oògùn adìẹ sínú omi, yóò sì mu ún. Bí mo bá bá wọn wí, wọ́n á ní àwọn ti ka ara ọ̀rá rẹ̀, àwọn sì mọ ìwọ̀n tí àwọn bù. Dókítà, kí ni kí n sọ fún wọn?

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí ìwọ̀n ènìyàn kan lára ọ̀rá náà. Ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ gíráàmù tàbí mílílítà fún iye lítà omi kan, nítorí pé gbogbo agbo adìẹ ni yóò máa mu ún láti òwúrọ̀ dé alẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì máa mu díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn ṣe lè yí ìyẹn padà sí ìwọ̀n tirẹ̀ kò sí lára ọ̀rá, àfojúdíwọ̀n ni wọ́n ń ṣe. Enrofloxacin, tó wọ́pọ̀ ní oko adìẹ, kò tilẹ̀ sí lára àwọn oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún ènìyàn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ciprofloxacin ni. Oxytetracycline lè ba eyín ọmọ inú jẹ́ bí aboyún bá lò ó. Ẹni tó bá sì ń mu apakòkòrò ní ìdajì ìdajì, kòkòrò ara rẹ̀ yóò kọ́ bí a ti ń yè é, nígbà tí ó bá wá dé ilé ìwòsàn nítòótọ́, oògùn tí ì bá wò ó kò ní ràn án mọ́.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ohun Alààyè, Adó-Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kún un. Bí ẹranko bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ ṣe ń lo agbára díẹ̀ sí. Onímọ̀ kan, Max Kleiber, ni ó tò ó jọ ní ọdún 1932. Ara eku ń sáré ju ti ènìyàn lọ, ara ènìyàn ń sáré ju ti erin lọ, oògùn sì ń tètè kúrò lára èyí tí ara rẹ̀ bá ń sáré. Nítorí náà ni àwọn tó ń gbìyànjú oògùn tuntun kì í fi gbé ìwọ̀n kílò ẹranko fún ènìyàn tààrà. Nínú ìlànà tí FDA gbé jáde ní ọdún 2005, wọ́n ní kí a fi nǹkan bíi 12 pín ti eku kékeré, kí a sì fi 1.8 pín ti ajá, lẹ́yìn náà kí a tún dín in kù sí i kí ènìyàn àkọ́kọ́ tó tọ́ ọ wò.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1962, ní ọgbà ẹranko ní Oklahoma City, àwọn olùwádìí mẹ́ta fẹ́ fún erin kan tí ń jẹ́ Tusko ní LSD, oògùn tó ń mú kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí. Wọ́n fi ohun tí ológbò lè gbà ṣe òdiwọ̀n, wọ́n sì fi ìwọ̀n ara erin náà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 kílò, ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀. Mílígíráàmù 297 ni wọ́n gún un. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti ṣubú, gìrì sì mú un. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí ó fi kú. Àwọn kan gbà pé àwọn oògùn tí wọ́n fún un láti gbà á là pẹ̀lú wà lára ohun tó pa á. Síbẹ̀, gbogbo ìṣirò wọn ni ó tọ̀nà ní ojú ìwé.

Olùsìn Àgùntàn, Ìsẹ́yìn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ti apòògùn àti ti olùpín oògùn sí àbúrò mi létí, ó sì dákẹ́ nígbà tí mo ka ibi ìgò 3.15%, nítorí pé a ti ra irú rẹ̀ rí. Ó wá béèrè nǹkan méjì. Ó ní bí omi tí wọ́n fi pò ó bá jẹ́ ti abẹ́ awọ, ṣé kí òun wá gún un sí abẹ́ awọ ara òun dípò kí òun mu ún? Èkejì, kí ni yóò wá lò sí ara yíyún náà?

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Kí ó má dán an wò láé. Awọ ẹran ni wọ́n ṣe é fún. Oògùn abẹ́rẹ́ màlúù kan wà tí ń jẹ́ tilmicosin, tí a ń lò fún àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti pa àwọn ènìyàn tó ṣèèṣì fi gún ara wọn nígbà tí màlúù jà, ọkàn wọn ni ó dá dúró. Kì í ṣe ivermectin nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń fi abẹ́rẹ́ ẹran gún ara rẹ̀, ìjọ́ kan ni yóò mú ìgò mìíràn.

Apòògùn, Ìbàdàn

Ní ti ohun tí yóò lò, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wo ara náà. Bí ẹ ti ṣe àpèjúwe rẹ̀, àárín ìka àti ìbàdí, tó sì ń yún ní òru, ó jọ kúrúnà, ṣùgbọ́n làpálàpá náà máa ń yún ènìyàn, ivermectin kò sì lè ṣe nǹkan kan fún làpálàpá. Bí ó bá jẹ́ kúrúnà lóòótọ́, kò pọn dandan kí ó gbé oògùn mì. Ìpara permethrin 5% wà, benzyl benzoate wà, ìpara imí ọjọ́ wà, owó wọn kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò fi pa ara, yóò fi sílẹ̀ fún iye wákàtí tí wọ́n bá sọ, gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń sùn sínú ilé kan náà yóò sì lò ó ní ọjọ́ kan náà, yálà ara ń yún wọn tàbí kò yún wọn. Kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti aṣọ ibùsùn, kí wọ́n sì sá wọn sí oòrùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á wo ẹnì kan ṣoṣo, kúrúnà á sì tún ti ara àwọn yòókù padà wá bá a, wọ́n á wá rò pé oògùn ènìyàn kò lágbára tó, pé ti ẹran ló lágbára. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ara lè máa yún un fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí kòkòrò náà bá ti kú. Kò túmọ̀ sí pé kí ó tún òmíràn lò.

Bí dókítà bá sì ní ivermectin ni yóò lò, hóró ti ènìyàn wà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀, kí ẹ sì rántí pé NAFDAC náà ń forúkọ oògùn ẹranko sílẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà nìkan kò tó. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ẹranko nìkan ni.

Nọ́ọ̀sì, Ilé Ìwòsàn Ìjọba, Ọ̀ṣun

Gbogbo ìmọ̀ràn yìí dára, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa ka ọ̀rọ̀ yìí tó ti gbé e mì ná. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Bí ó bá ń bì, tí inú rẹ̀ ń ṣí, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò ríran dáadáa, tí oorun tí kì í ṣe oorun lásán ń kùn ún, tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà. Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì gbọ́dọ̀ wá kódà bí kò bá tíì rí àmì kankan. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun láti mú un bì. Ẹ má sì fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa kọ́kọ́ máa ń sáré bù nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá jẹ májèlé, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni ivermectin ń bá rìn: bí ènìyàn bá gbé e mì lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, ohun tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Epo tí ẹ fún un lè ti oògùn náà wọlé sí i.

Kò sí oògùn tó ń pa agbára ivermectin. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a máa ṣọ́ èémí àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí a dá gìrì dúró, kí a sì tì í lẹ́yìn títí ara rẹ̀ yóò fi gbé e jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe tètè wá tó ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ mú ìgò tàbí ọ̀rá oògùn náà dání, kí ẹ sọ iye tó mu àti àkókò tó mu ún, kí ẹ má sì tìtorí ìtìjú fi pamọ́ pé ti ẹran ni. Bí ẹ bá sọ fún wa pé oògùn aràn lásán ni, ti ènìyàn ni a óò rò pé ó jẹ́.

Ó ku ti àwọn tó máa ń bu oògùn ẹran láti inú ìgò ńlá sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí wọ́n lè rí i gbé lọ sí oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró láti òní lọ. Ọmọdé tó bá rí ìgò náà yóò gbé e mu, bí ẹ bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò ní sí lẹ́tà kan lára ìgò náà tí yóò sọ fún wa bóyá 1% ni tàbí 3.15%, tàbí bóyá closantel wà nínú rẹ̀.